Ẹni Tí Kò Ṣàìsàn

Bàbá jẹun ọ̀sán tán, ó ní kí wọ́n bá òun pa fèrèsé dé nítorí eruku, ó fẹ̀yìn ti àga, kò sì jí mọ́. Kò húkọ́ kó tó kú. Ara rẹ̀ kò gbóná. Àwọn oníṣègùn wọ aṣọ ọ̀rá láti orí dé ẹsẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ nímú, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn kọ́ ló pa á. Dókítà ní ó jọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Opó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, wo dókítà náà látòkè délẹ̀ bí ẹni ń wo olè.

"Ọkàn wo?" ló bi í. "Ọkàn tí kò dùn ún rí?"

Lọ́dún yẹn, bí àrùn tí gbogbo ayé ń sá fún bá pa èèyàn, wọ́n á sunkún, wọ́n á sì gbà. Ẹni tí àrùn yẹn kò bá pa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dá wàhálà sílẹ̀, àfi bíi pé èèyàn ló pa á. Kí wọ́n tó sin Bàbá tán, ìyàwó ọmọ rẹ̀ àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ilé léèrè ẹni tó pa fèrèsé yẹn dé.

Ẹ má rò pé ilé àwọn aláìbìkítà ni o. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, kò sí ilé tó ṣọ́ra tó tiwọn. Màmá gbé gárawá tó ní ẹnu ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọṣẹ tì í, ó kan ìṣó mọ́ ògiri, ó sì fi tówẹ̀lì funfun kan kọ́ sórí rẹ̀. Ẹni yòówù kó wọlé, yóò fọwọ́, yóò bọ́jú, yóò nu ún gbẹ kó tó gbẹ́sẹ̀ wọ yàrá. Gbogbo wọn ń lo ìbòmú. Wọn kì í bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ àgbà ti ń ṣe tíṣà pa, òun náà sì fìdí mọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn méjèèjì kọjá géètì.

Síbẹ̀, àìsàn ń wọlé wá bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe èyí tó ń pani o. Àwọn àìsàn yẹpẹrẹ tí wọn kì í kà sí tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀fìnkìn mú Tíṣà, kò tíì tán lára rẹ̀ tó fi mú ìyàwó rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru dá àwọn ọmọ dúbúlẹ̀. Màmá húkọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ń lọ fún àyẹ̀wò, àyẹ̀wò ń sọ pé àrùn ńlá kọ́. Ó yẹ kí inú wọn dùn, àmọ́ ṣe lẹ̀rù túbọ̀ ń bà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan ṣoṣo ni nǹkan kan kò ṣe. Ìyàwó ọmọ kejì ni. Ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò ní ibùdókọ̀, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é nìyẹn, Onítíkẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀, á wọ ìbòmú rẹ̀, á lọ. Nírọ̀lẹ́, á dé, á fọwọ́, á wọlé, kò ní sín lẹ́ẹ̀kan.

"Màmá, ẹ wò ó," ni ìyàwó Tíṣà wí níjọ́ kan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbóhùn sókè kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. "Àwa tá a ti ara wa mọ́lé là ń ṣàìsàn. Ẹni tí èrò ń húkọ́ sí lójú látàárọ̀ dalẹ́, ara ẹ̀ le koko. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn dáa?"

"Kò dáa," ni Màmá wí.

"Ẹ ò sì rí bó ṣe máa ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ tó bá fọ̀ ọ́ tán? Inú ilé ló ń kọjú sí tó ń gbọ̀n ọ́n. Kí ló ń wọ́n lé wa lórí?"

Onítíkẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyálé mi, omi ni."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Ìwọ ló pa fèrèsé dé fún Bàbá, àbí ìwọ kọ́?"

"Wọ́n ní kí n pa á dé ni."

"Wọ́n ní kó o pa fèrèsé dé. Wọn ò ní kó o pa àwọn."

Ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ dá sí i. Káfíńtà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn ni pé ojo ni. Bí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, á rántí pákó kan tí kò tíì fá, á sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí obìnrin yìí ṣe tí wọn kò kà sí i lọ́rùn. Ẹyẹ dúdú kan ń bà lórí páànù lókè fèrèsé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹyẹ ń bà lórí páànù gbogbo ilé, ti òun nìkan làwọn aládùúgbò rí. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú ẹlòmíì. Nígbà tó yá, Màmá kó ẹ̀wù Kékeré, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Onítíkẹ́ẹ̀tì bí, lọ sí yàrá tirẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa sùn," ló sọ. "Má fọwọ́ kàn án títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yìí."

"Màmá, ọmọ mi ni."

"Ọmọ ọmọ mi ni. Ọkọ mi ni mo ti sin yẹn, mi ò tún ní sin òmíì."

Kékeré kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ó sunkún, wọ́n fún un ní bisikíìtì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ojú tirẹ̀ náà pọ́n, ó wú, ipin sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tó fi jẹ́ pé kò lè là á láàárọ̀. Onítíkẹ́ẹ̀tì ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti òdìkejì ògiri, wọn kò sì jẹ́ kó wọlé lọ bá a.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti ń gbà wọ́n gbọ́. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé èèyàn lè jẹ́ àjẹ́ láìmọ̀, pé ara á wà lórí ibùsùn, ẹni náà á sì ti jáde lọ jẹ ọmọ ara rẹ̀. Ó ro ti Bàbá, tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ro ti Kékeré. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó sùn, á di í ní kókó líle, kó lè mọ̀ bí òun bá jáde. Bó bá jí, okùn á ṣì wà bó ṣe wà, inú rẹ̀ á dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbọ́ pé ọmọ Tíṣà tún bì.

Màmá ló rí okùn náà níjọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn bá a láàárọ̀. Ariwo tó pa, odindi àdúgbò ló jí.

"Ẹ wá wò ó! Ó so ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹran! Ẹni tí kì í jẹ̀ lọ, kí ló ń fi okùn ṣe?"

Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Aríran. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ni, tó máa ń sọ pé òun ń rí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Ọjọ́bọ̀ ló dé, oòrùn mú, òógùn sì bò ó. Ìyàwó Tíṣà pàdé rẹ̀ ní géètì, ó bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ bí òfin ilé ṣe wí, ó bọ́jú, ó fa tówẹ̀lì, ó nu ojú, ó nu ọrùn, ó tún padà nu ojú. Ó jókòó sórí àga pákó, ó jìnnà sí gbogbo wọn. Ó di ojú rẹ̀, ó fún un pọ̀ títí, ó wá ní òun rí obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, okùn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn. Kò ya èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí.

"Kó kúrò nílé yìí lọ́jọ́ Àìkú," ni Aríran wí. "Màá wá fúnra mi rí i pé ó lọ. Kó má mú ọmọ dání. Bó bá mú un lọ, yóò jẹ ẹ́ tán."

Tíṣà bi àbúrò rẹ̀ léèrè bóyá ó fara mọ́ ọn. Káfíńtà ti ń wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. "Bí ẹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Onítíkẹ́ẹ̀tì gbé báàgì rẹ̀ jáde síwájú ilé. Ó ti sunkún tó fi jẹ́ pé kò sí omijé mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí wọ́n jẹ́ kó fojú kan ọmọ rẹ̀ kó tó lọ, Màmá sì ní rárá. Orí ìyẹn ni wọ́n wà tí Aríran fi dé, tòun ti awò dúdú lójú.

"Ẹ káàbọ̀ o, Aríran," ni Màmá wí. "Ẹ bá wa lé e."

Aríran bọ́ awò náà. Ojú rẹ̀ pọ́n kuku, ó wú, ipin dí i ní igun méjèèjì.

"Yéè!" Màmá ká ọwọ́ lérí. "Ó ti mú Aríran! Àjẹ́ yìí ti mú Aríran!"

"Ta ló mú ta?" Aríran fara ya. "Èmi? Èmi ni ìyá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì yóò mú? Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ o! Kò sí àjẹ́ kankan láyé yìí tó lè fọwọ́ kàn mí!"

"Kí ló wá ṣe yín lójú, sà?" Tíṣà ló bi í. Òun ló béèrè ìbéèrè tó dáa jù nínú ìdílé yẹn láti ìgbà tí Bàbá ti kú, kò sì mọ̀.

Aríran fi etí ẹ̀wù nu ojú rẹ̀. Bó bá ní àjẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. "Nǹkan míì ló wà nílé yìí," ló wí nígbà tó yá. "Mi ò jẹun yín. Mi ò mu omi yín. Mi ò súnmọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Kí ni mo fọwọ́ kàn?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nàka sí gbogbo ibi tó gbà lọ́jọ́sí. "Mo jókòó síbí. Mo gba ibí wọlé. Mo fọwọ́, mo bọ́jú, mo wá nu..."

Ó dúró. Ó fi ìka méjì fa tówẹ̀lì kúrò lórí ìṣó. Ó tutù. Ó ti kúrò ní funfun, ipin gbígbẹ àti ikun imú àwọn ọmọ sì wà ní etí rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

"Àwọn wo ló ń lo èyí?"

"Gbogbo wa ni," ni ìyàwó Tíṣà wí.

"Mo máa ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Gbogbo yín? Òun náà ńkọ́?"

Onítíkẹ́ẹ̀tì dáhùn fúnra rẹ̀. "Mi ò lò ó rí, sà. Mo kàn máa ń gbọn ọwọ́ mi gbẹ ni."

Aríran ju tówẹ̀lì náà sílẹ̀ gbì, ó wọ awò rẹ̀ padà, ó ní ilé ìwòsàn lòun ń lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Ìyàwó Tíṣà kò gbà. "O mọ̀!" ló pariwo. "O mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń wá, o panu mọ́, o ń wo àwọn ọmọ mi níran!"

"Mi ò mọ nǹkan kan, Ìyálé mi. Ká ní mo mọ̀, ṣé màá máa fi okùn so ara mi mọ́lẹ̀ ni? Lọ́jọ́ tí Màmá kan ìṣó yẹn ni wọ́n ti lé mi níbẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ibùdókọ̀ lọwọ́ mi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi ìdọ̀tí mi kan tówẹ̀lì wọn."

Gbogbo wọn wo Màmá. Màmá wo ilẹ̀.

"Kí ló wá pa Bàbá?" Tíṣà tún béèrè.

"Dókítà ti sọ fún wa," ni Màmá wí. "Ọkàn ni."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ gbé e padà wọlé.

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mò ń lọ. Ọmọ mi nìkan ni mò ń dúró dè."

Ó gbé e sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dí i lọ́nà. Màmá fúnra rẹ̀ ló wọlé lọ mú Kékeré wá. Ojú ọmọ náà ṣì dì pọ̀, ó ń táràrà, ó di ìró ìyá àgbà mú. Onítíkẹ́ẹ̀tì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kékeré mi, èmi ni. Wá."

Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó figbe ta, ó sì sá sẹ́yìn Màmá. "Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí! Yóò jẹ mí!"

Kò sí èébú tí wọ́n bú Onítíkẹ́ẹ̀tì nílé yẹn tó dùn ún tó báyìí. Màmá ló kọjú sí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀. Mò ń dúró."

Màmá kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, pàápàá ìyàwó ilé. Ó wá tẹ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún náà mọ́lẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra.

"Kékeré, gbọ́ mi. Ìyá rẹ kì í ṣe àjẹ́. Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó ronú sí i. "Ta wá ni àjẹ́ náà, Màmá?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tirẹ̀ tó pọ́n. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Kékeré tó na ọwọ́ kan síwájú nínú òkùnkùn rẹ̀, kó máa fi wá ìyá rẹ̀ kiri. Ọwọ́ kejì ṣì di ìró mú pinpin. Onítíkẹ́ẹ̀tì gba èyí tó nà, kò fà á.