Obìnrin Ojú Fèrèsé Tí Ẹnudùnjuyọ̀ Fi Ẹnu Dá

Kí Ẹnudùnjuyọ̀ tó ní kí wọ́n juwọ́ ni àwọn èrò inú ọkọ̀ ti ń juwọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ́.

Ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tó ń gbé àwọn tó wá wo ìlú àtijọ́ náà kiri lórí odò. Ẹnudùnjuyọ̀ ni afinimọ̀nà wọn. Ó ṣì di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ń ṣàlàyé ilé kọ́sítọ̀ọ̀mù láyé ọjọ́un, ẹnu rẹ̀ kò tíì dé ilé aláwọ̀ eérú tó tẹ̀ lé e rárá. Síbẹ̀, gbogbo èrò ti kọjú sí òkè ilé náà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń jù ú jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó yọ fóònù. Ẹ gbà mí o, èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí kò ya fọ́tò! Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí obìnrin kankan nínú ilé aláwọ̀ eérú yẹn. Kò sì sí i rí. Ilé ìkẹ́rùsí ni, iyọ̀ àti awọ ẹran ni wọ́n ń kó síbẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí òwò náà kú, wọ́n kan pákó mọ́ àwọn fèrèsé rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, eku sì jogún rẹ̀. Ẹnudùnjuyọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi obìnrin sójú fèrèsé òkè.

Nínú iṣẹ́ àwọn afinimọ̀nà orí odò, ẹnu kò gbọdọ̀ sinmi. Láti èbúté títí dé afárá olókùúta, ọ̀rọ̀ ni. Bí o bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í yán, ẹlòmíì á máa béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà. Àmọ́ láàárín ilé kọ́sítọ̀ọ̀mù sí afárá, ìtàn tán pátápátá. Ọba kankan ò kú síbẹ̀, ogun kankan ò jà níbẹ̀, ògiri lásán ni. Àwọn afinimọ̀nà yòókù a máa fi orin dí àlàfo náà. Ẹnudùnjuyọ̀ ní òun ò lóhùn orin, ẹnu lòun ní. Ló bá dá obìnrin kan sílẹ̀. Ó ní obìnrin náà ń gbé ilé yìí láyé àtijọ́, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wọkọ̀ lọ kò sì padà, ni ẹ̀gbọ́n bá jókòó sójú fèrèsé, ó ń wá ojú àbúrò rẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá.

"Ẹ juwọ́ sí i o," ni yóò wá wí, "kó lè rí ojú yín dáadáa!"

Èrò á juwọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ nínú wọn á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ta ni ìyẹn pa lára? Ẹnudùnjuyọ̀ ò sì wá ìtàn náà jìnnà. Nígbà tó dá a, àbúrò tirẹ̀ gan-an ló lọ ṣiṣẹ́ nílùú òkèèrè, tí kì í pè, tí kì í fèsì, tí àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ tọ̀sán tòru. Àárò yẹn ló bù sínú obìnrin náà. Ìdí nìyẹn tí ìtàn ọ̀hún fi máa ń wọ èèyàn lára.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àbúrò ti dé. Ó ti gba yàrá kan lókè ilé ìfọṣọ, ó ti ríṣẹ́, ó sì ní dandan òun fẹ́ wá gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe ń fi ẹnu jẹun. Ìjókòó iwájú ló wà. Láti èbúté ló ti ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àǹtí mi, gbogbo irọ́ yìí, ẹ̀yin náà lẹ ń rò ó?"

"Pa ẹnu ẹ dé. Ìtàn ni."

Ṣùgbọ́n ní báyìí, àbúrò ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Òun nìkan ni kò juwọ́. Ó gbójú sókè, ó la ẹnu díẹ̀.

"Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀," ni Ẹnudùnjuyọ̀ wí, "mi ò tíì débẹ̀."

Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò wálẹ̀. Òórùn awọ tútù gba ojú odò, awọ tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá Ẹnudùnjuyọ̀. Ó gbójú sókè. Pákó ti kúrò lójú fèrèsé òkè. Kọ́tìnì funfun wà níbẹ̀. Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì juwọ́ padà sí ẹnikẹ́ni. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, ó ń fi ìka kó afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí a ti í pe ọmọ ilé.

Ẹ̀ńjìnnì kú.

"Èmi kọ́ ni mo pa á," ni Bàbá Atukọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹ̀yìn. Àgbàlagbà tó ń tu ọkọ̀ náà ni, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí Ẹnudùnjuyọ̀ lè rí i pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Odò ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ afárá, àmọ́ ọkọ̀ ń yí orí sí àtẹ̀gùn olókùúta tó wà lẹ́sẹ̀ ilé aláwọ̀ eérú, síbi tí odò ò lọ.

Àbúrò dìde. "Mò ń bọ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé.

"Ò ń bọ̀ níbo? Jókòó!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí."

"Ẹ̀gbọ́n wo? Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ!"

Àbúrò yíjú sí i. Ó wò ó tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wo àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí. "Ẹ má bínú, mà," ló wí, "mi ò dá yín mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ẹnudùnjuyọ̀ lọ́kàn. Omi lé ròrò sí i lójú, inú sì bí i lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bíi pé wọ́n gbá a létí lójú ọjà. Ó di ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú pinpin.

Ẹ ò sì gbọ́ tàwọn èrò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àbúrò lè ráàyè kọjá. Ìyá arúgbó kan tó wà nítòsí ń sunkún ayọ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró pẹ́ jù. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa." Bẹ́ẹ̀ sì ni Ẹnudùnjuyọ̀ ò tíì rò ó fún wọn lọ́jọ́ náà.

"Bẹ̀ ẹ́," ni Bàbá Atukọ̀ wí lábẹ́ èémí. "Irú wọn, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́."

"Kí n bẹ ta? Ẹni tí mo fi ẹnu ara mi dá? Ká ní eyín dùn mí lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó máa wà láyé?"

Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Kó tó sọ̀rọ̀, gbohùngbohùn ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn tirẹ̀ ni, ohùn dídùn tó fi ń ṣiṣẹ́, ètè rẹ̀ ò sì mì. *Obìnrin kan ń gbé ilé yìí láyé àtijọ́. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wọkọ̀ lọ. Ó ń wá ojú rẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá. Ó ti rí i.*

Imú ọkọ̀ kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, gbì.

Ẹlòmíì ì bá ti kúnlẹ̀. Ẹnudùnjuyọ̀ ò kúnlẹ̀. Ó ju gbohùngbohùn náà sílẹ̀, ó fi ẹnu lásán kígbe sókè, gbogbo etí odò sì gbọ́ ọ.

"Irọ́ ni! Èmi ni mo pa á, mo sì pa á dáadáa! Gbọ́ mi, ìwọ tó wà lókè yẹn. O ò ní ìyá, o ò ní bàbá, wọn ò bí ọ sílé kankan. Àárò tó ń sọ ọ́ yẹn, tèmi ni, mo kàn yá ọ lò ni. Àbúrò tí ò ń pè, tèmi ni. Èèyàn á yá ọ láṣọ, o tún fẹ́ gba àpótí lọ́wọ́ ẹ̀?"

Kọ́tìnì mì. Ohùn náà tún wá láti inú gbohùngbohùn tó wà nílẹ̀, ó rọra. *O ní kí n máa dúró. Mo dúró.*

"Mo ní kí o dúró. Mo tún ní kí o máa dúró lọ. Èyí kọ́ lò ń dúró dè."

*Tàbí kí ìwọ wá dípò rẹ̀.*

Àwọn èrò mí kanlẹ̀, họ̀ọ̀. Ó hàn lójú wọn pé ìyẹn tún máa dùn jù. Kí ẹ̀gbọ́n fi ara rẹ̀ rọ́pò àbúrò, kí wọ́n délé rò ó. Ẹnudùnjuyọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi? Mi ò lọ síbì kankan. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ló bá kọjú sí èrò. Àṣà tó fi kọ́ wọn ló ń bọ́ obìnrin yẹn, ó ti yé e wàyí. Gbogbo ọwọ́ tí wọ́n ń jù láti ọjọ́ yìí, oúnjẹ ni. "Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀!" ló wí. "Ẹni tó bá juwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi àtiẹ̀ la jọ máa bá inú odò yìí lọ, mo búra!" Ó ń gbá ọwọ́ wọn wálẹ̀ bó ti ń kọjá láàárín ìjókòó, ọwọ́ kan ló fi ń gbá a, èkejì ò fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń jí bí ẹni tí wọ́n bu omi sí lójú. Bàbá Atukọ̀ náà rí okun, ó fa ọ̀pá gígùn yọ, ó fi ti ọkọ̀ kúrò lára àtẹ̀gùn. Ìgbà tí ìyá arúgbó náà sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ tìjàtìjà, pákó ló wà lójú fèrèsé, ó ti hewú, ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ̀ńjìnnì gbéra fúnra rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ń dùn mí lọ́wọ́," ni àbúrò wí.

Ẹnudùnjuyọ̀ gbá a mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn, ó sunkún, ó bú u, ó tún sunkún. Àbúrò ò rántí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n sì rò ó fún un, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹnudùnjuyọ̀ ti ń panu mọ́ bí ọkọ̀ bá ti kọjá ilé kọ́sítọ̀ọ̀mù. Èrò a máa yán. Ó ní kí wọ́n máa yán. Àmọ́ ìtàn tó bá ti jáde lẹ́nu, ó ti di ti gbogbo ayé. Àwọn afinimọ̀nà yòókù ti jí i lò tipẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ti dúró ní èbúté, ọkọ̀ Afínjú dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò lọ̀ ni Afínjú, afinimọ̀nà bíi tirẹ̀. Ó ń parí ìtàn obìnrin ojú fèrèsé fún èrò rẹ̀.

"Ó ti rí àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o," ni Afínjú ń wí. "Àbúrò ti dìde, ó ti dáhùn. Obìnrin òjòwú kan ló fà á sẹ́yìn."

Ẹnudùnjuyọ̀ dúró dè é títí èrò fi sọ̀ tán. "Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

Afínjú rò pé ó ń ṣàwàdà. "Àǹtí wa, ta ni ì bá tún sọ ọ́? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn ilé aláwọ̀ eérú yẹn, tẹ́ ẹ máa ń bá wa sọ̀rọ̀ bí a bá ń kọjá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Kódà mo fẹ́ bi yín, ṣé ẹ ti wá rí ilé àbúrò yín? Ẹ bi mí láàárọ̀ pé ibo ló ń gbé, mo ní wọ́n ní òkè ilé ìfọṣọ ni."

Ẹnudùnjuyọ̀ ò dágbére. Ó gba àdúgbò kọjá pẹ̀lú eré, bàtà rẹ̀ kan já, ó fi í sílẹ̀ sójú títì. Oòrùn ṣì mú. Àwọn tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ ilé tí àbúrò rẹ̀ ń gbé kí i, wọ́n tún wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ní, "Ẹ ti tún jáde ni, mà? A ò rí yín." Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Òórùn awọ tútù ló pàdé rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn.

Ó kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?" Ohùn àbúrò rẹ̀ ni.

"Èmi ni. Àǹtí ẹ. Ṣílẹ̀kùn."

Ẹnìkan fa àga nínú ilé. Àbúrò wá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó yọjú láti inú àlàfo náà, ó wò ó tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Àǹtí mi wà nínú ilé."

Ẹnudùnjuyọ̀ fi ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà dí ilẹ̀kùn kó má bàa padé. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá.

"Ó dáa," ló wí. "Sọ fún un pé ẹni tó dá a ti dé. Kó dìde lórí àga mi."