Ẹ̀bùn Tí Kò Ní Àmì

Ohùn ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ ṣe mí bákan. Kì í lọ sókè, kì í sì í wá sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló tẹ́jú bí ilẹ̀ tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí, síbẹ̀ kò sí èyí tí kò yé wa níbẹ̀. Ó dúró níwájú tábìlì mi ní ilé ìtẹ̀wé wa, ó gbé páálí kan kalẹ̀, ó sì mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nínú rẹ̀.

"E ba mi te e," ló wí. "Sugbon e ma fi ami kankan si i."

Iṣẹ́ tèmi sì ni àmì. Èmi ni mo máa ń ka ìwé kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, tí mò ń fi àmì sókè, tí mò ń fi sí ìsàlẹ̀, kí ọkọ́ má baà di ọkọ, kí ìlù má baà di ìlú. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà nídìí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Alámì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé tí kò ní àmì á ṣi àwọn èèyàn lọ́nà o."

"Eni to maa ka a maa mo bi won se n pe e," ló fi dá mi lóhùn, ó sì jáde. A kò rí i mọ́.

Nígbà tó pẹ́ tí kò padà wá, a tú páálí náà. Eré kan ló wà níbẹ̀: pátákó tí wọ́n fa ìlà sí bíi pápá bọ́ọ̀lù, dáìsì méjì, àti àwọn ọmọ igi kéékèèké. Àwọn kan jọ èèyàn, àwọn kan jọ iwin, òmíràn ní ìwo lórí. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ igi tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé á gba ìràwọ̀ kan. Tí ìràwọ̀ bá pé mẹ́ta, ẹni tó ni ín á yan ẹ̀bùn fún un láti inú ìwé pẹlẹbẹ náà, á sì kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́, ìwé tí orúkọ gbogbo ọmọ igi wà. Ogún ẹ̀bùn ló wà níbẹ̀, kò sí àmì lórí ẹyọ kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà lókè wọn: bi a ba se ri i ni ki a ko o, ohun ti a ba ti ko, a ko gbodo pa a re.

Àwa mẹ́ta là ń ta eré yìí lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, nínú yàrá tí à ń kó bébà sí. Baba Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé, Ìyá Alábẹ́rẹ́ tó ń rán ìwé pọ̀, àti èmi. A fún àwọn ọmọ igi wa lórúkọ. Baba Ẹ̀rọ fi orúkọ ara rẹ̀ sọ balógun tirẹ̀, torí kò sí ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ tó o. Èmi sọ ọ̀kan nínú tèmi ní Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ni à ń pe àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àìsàn mú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ń wọ́ ọ láti ìgbà náà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé látìgbà tí àwọn òbí wa ti kú. Kò ráhùn rí. Èmi ni mo máa ń ráhùn fún un, nínú ọkàn mi, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀: ọ̀kan á dún, èkejì á fà.

Ọjọ́ kan náà ni ìràwọ̀ balógun Baba Ẹ̀rọ àti ti Jẹ́jẹ́ pé mẹ́ta. Baba Ẹ̀rọ fi ìka gún ìwé náà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oju eyin.

"Ojú ẹ̀yìn! Èyí gan-an ni mò ń wá. Kí n máa rí gbogbo ọ̀tá tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi."

"Èyí tó wà níwájú ńkọ́, ṣé o ti lò ó tán ni?" Ìyá Alábẹ́rẹ́ bi í, a sì rẹ́rìn-ín.

Ó kàn mí. Mo rí ese irin nínú ìwé náà. Ẹsẹ̀ ìrìn. Mo mọ̀ pé eré lásán ni, pé igi ni, ṣùgbọ́n omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bí mo ṣe rí i náà ni mo kọ ọ́, láìsí àmì. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fi àmì sí ìwé oníwèé, ó ti sú mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Baba Ẹ̀rọ fi áńkáṣíìfù bo ojú wá síbi iṣẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣí ojú náà hàn wá. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti funfun báláú. Dúdú ojú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ń dán bí ẹyin sísè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

"Kò dùn mí," ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n dókítà tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣe ló kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Èkejì náà ti ń funfun bọ̀."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ dìde. Ó lọ gbé ìwé ẹgbẹ́ wá, ó ṣí i síwájú mi. "Alámì, bá mi ka ohun tí ẹ kọ."

"Ojú," ni mo wí, mo sì tún wo èyí tó kù. Ẹ̀yìn. Ẹyin. Àìmọye ìgbà ni mo ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ìgbà náà ni mo rí ìlà tó tẹ̀ lé e: Jẹ́jẹ́, ese irin. N kò dúró mú fìlà mi.

Mo bá Jẹ́jẹ́ lórí àga nílé ìdáná. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tètè dé o," ló wí. "Ẹsẹ̀ yìí wúwo lónìí. Ó tún tutù."

Mo kúnlẹ̀, mo fi eegun ìka mi kan ojúgun rẹ̀. Ó dún káń bí irin. Mo tún kàn án, ó tún dún. Àbúrò mi ń wo ẹnu mi, ó fẹ́ kí n fi í ṣàwàdà kó lè rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tó fi ń dún báyẹn?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, pé mò ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ibi iṣẹ́, mo mú gègé. Baba Ẹ̀rọ rán mi létí pé òfin ní a kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Mo ní n kò ní í pa nǹkan kan rẹ́, àmì ni mo fẹ́ fi sí i, iṣẹ́ mi sì ni. Mo fi sí tirẹ̀: ojú ẹ̀yìn. Mo fi sí ti Jẹ́jẹ́: ẹsẹ̀ ìrìn. Mo rí i pé gbogbo àmì jókòó síbi tó yẹ.

Ní ọjọ́ kejì, ojú Baba Ẹ̀rọ ti padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, kì í ṣí fìlà mọ́, ṣe ló máa ń fà á bo ìpàkọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí mo bá yọ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, á ní, "Mo rí ọ, Alámì," láì yíjú padà. A kò bi í ní nǹkan kan.

Jẹ́jẹ́ sì rìn. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, ó rìn láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ méjèèjì dún dọ́gba, mo sì sunkún bí ọmọ kékeré. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rìn dé ìparí àdúgbò. Ní Ọjọ́rú, ó rìn dé afárá, ó padà, ó tún lọ. Ìdúró ló fi jẹun alẹ́, ó ń jẹ ẹ́, ó ń yí tábìlì ká.

"Jẹ́jẹ́, jókòó."

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́, Bọ̀ọ̀dá mi." Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà lójú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàtà rẹ̀ nìkan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Mo wá a títí di ọjọ́ kejì. Gbogbo ẹni tí mo bi ló rí i, gbogbo wọn ló sì ní ó ti kọjá. Obìnrin kan sọ pé ṣe ló ń na ọwọ́ sí àwọn èèyàn bó ṣe ń lọ, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n di òun mú.

"Eré ló gbé e lọ," Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. "Eré ló máa dá a padà." A jókòó tì í. Ọmọ igi Jẹ́jẹ́ nílò ìràwọ̀ mẹ́ta mìíràn kó tó lè gba ẹ̀bùn tuntun. Àwọn méjèèjì sa gbogbo ipá wọn kí n lè borí, ṣùgbọ́n dáìsì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá kí ìràwọ̀ kẹta tó wọlé.

Mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ yàn. Ile.

"Ilé ni àbí ilẹ̀?" Ìyá Alábẹ́rẹ́ bi mí.

"Ìdí tí mo fi ń jẹ́ Alámì nìyẹn."

Mo kọ ọ́, mo sì fi àmì lé e lórí kí n tó gbé ọwọ́ kúrò: ilé. N kò fi ohunkóhun sí ìsàlẹ̀. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè gbẹ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ni, láìwọ bàtà, eruku dé orúnkún rẹ̀. Ó wọlé, ó wá àga, ó sì jókòó. Ìyá Alábẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. A kó eré náà padà sínú páálí, a sì fi okùn dì í.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Jẹ́jẹ́ kì í jáde mọ́. Yàrá méjì ni ilé wa ní. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé ta ló ń gbé inú ẹ̀kẹta. Mo ní àárẹ̀ ló ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó gbé ife omi kan lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe ògiri, tó sì gbé ife náà padà lófìfo. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ.

Lánàá, mo tú okùn ara páálí náà, mo ṣí ìwé ẹgbẹ́. Àmì kan wà lábẹ́ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Bóyá eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i, bóyá tàdáwà ló ràn, n kò mọ̀. Èyí tí mo fi sókè ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ́. Kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe ilẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà fún ọdún mọ́kàndínlógún, n kò pàdé ọ̀rọ̀ náà rí. Mo mú abẹ láti fi ha á kúrò, mo rántí òfin, mo sì gbé abẹ sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi jókòó, ó kọjú sí ògiri. Mo pè é. Ó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò sì wá sílẹ̀.

"Alami," ló wí, ẹni tí kì í pè mí ní nǹkan mìíràn ju Bọ̀ọ̀dá mi lọ. "Okunrin to wa ni yara keta ni ki n ki yin. O ni oun ti so fun yin tele: e ma fi ami kankan si i."