Aṣíwèé Méjì fún Dùùrù Kan

Lọ́jọ́ tí Oníkọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fojú kan Olódùùrù, ìwé orin ń fò káàkiri orí pèpéle bí adìyẹ tí àṣá dẹ́rù bà, ọmọbìnrin náà sì ń tẹ dùùrù lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì tutù bí omi àfòwúrọ̀pọn. Fáànù ńlá tó wà lókè gbọ̀ngàn ló gbá ìwé náà dànù. Ìyá kan tó dé àkẹtẹ̀ oníìyẹ́ ń lé wọn kiri, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró; bó bá mú ọ̀kan, méjì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí orin parí, èrò pàtẹ́wọ́. Ìyá alákẹtẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹríba.

Òun ló bí ọmọ náà. Màmá Aṣíwèé ni gbogbo ará ilé-ẹ̀kọ́ orin ń pè é, nítorí òun ló máa ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀ láti bá a ṣí ìwé bí orin bá ti kan ìsàlẹ̀ ojú ewé. Iṣẹ́ tí kò ju kéèyàn na ọwọ́ lọ ni, ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe ń ṣe é, ẹ ó rò pé òun ló kọ orin náà. Á dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á gbọn ọwọ́ aṣọ sẹ́yìn, á fi ìka méjì mú etí ìwé, á wojú èrò, kó tó wá ṣí i. Àwọn kan wà láàárín èrò tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá wò.

Oníkọ̀ǹpútà kò wá gbọ́ orin. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní oríta, ibi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, ẹ̀rọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé wá. Òun náà kì í ṣe ẹni tó ń fojú kéré ara rẹ̀. Ó máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì débi pé apá rẹ̀ lè gé àkàrà, kì í sì í kọjá lára dígí láìkí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ lábíyá.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó ń nu òógùn. "Ìwé ti tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Láti òní lọ, inú kọ̀ǹpútà ni orin yóò máa wà, àá gbé e lé orí dùùrù. Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, sà," ni Oníkọ̀ǹpútà wí. Kò tíì gbọ́ ìbéèrè náà tán.

Ó ya àwòrán gbogbo ìwé orin, ó kó wọn sínú ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ àmì orin kankan. Lójú tirẹ̀, bí èèrà ṣe ń tò lórí okùn aṣọ ni gbogbo rẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tó dé gbọ̀ngàn tó bá Màmá Aṣíwèé nìkan, inú rẹ̀ dùn.

"Mà, ẹ bá mi wò ó bóyá ó pé."

Màmá gbé dígí ojú sókè, ó mi orí. "Ó pé pérépéré. Ojú ewé yìí gan-an le púpọ̀. Ẹni tí kò bá mọ orin, kò lè kà á."

Kò pẹ́ tí Olódùùrù wọlé. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tẹ orí rẹ̀ sápá kan, ó tún tẹ̀ ẹ́ sápá kejì. Ojú ewé náà ti dorí kodò.

"Ta ló...?" Ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó yára yí ọ̀rọ̀ padà. "Ẹ̀rọ yìí ló yí i padà. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí?"

"Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni Oníkọ̀ǹpútà wí. Kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàhálà mìíràn tún wà nílẹ̀. Èékánná Màmá gùn, bó bá ti tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ojú ewé mẹ́ta ló ń fò. Orin tó yẹ kó sunkún bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Ẹ jẹ́ kí n so fóònù mi mọ́ ọn," ni Oníkọ̀ǹpútà wí. "Màá jókòó síbì kan, màá máa ti ibẹ̀ ṣí i."

"Okùn rẹ̀ dà?" Màmá béèrè.

"Kò lókùn, Mà. Bulutúùtù ni. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà."

"Afẹ́fẹ́ ló kó ìwé wa lọ lọ́jọ́sí. Afẹ́fẹ́ kan náà lo tún fẹ́ fi ṣọ́ ọ."

Oníkọ̀ǹpútà ṣí bulutúùtù lórí fóònù, ó ṣí ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ yọ gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà pé: *Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá fẹ́ bá ọ so pọ̀. Ṣé o gbà?*

Olódùùrù kà á sókè. "Ta ni Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá?"

Oníkọ̀ǹpútà wúkọ́. "Orúkọ fóònù ni."

"Fóònù ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó... bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó mà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ o."

Etí Oníkọ̀ǹpútà gbóná, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú bí akínkanjú. "Ẹ wo nọ́ńbà tó yọ níbẹ̀ yẹn. Òun náà ló wà lójú fóònù mi. Bó bá bára mu, ẹ̀yin á tẹ̀ pé ẹ gbà, èmi náà á tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́, kò lè so."

Olódùùrù wo nọ́ńbà, ó wo Oníkọ̀ǹpútà. "Ó bára mu," ó ní, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kí gbogbo ayé lè rí i bí òun ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣe bẹbẹ láti òkèèrè, Oníkọ̀ǹpútà lọ jókòó sórí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá. Ó tẹ fóònù. Ojú ewé kò mira.

"Ó jìnnà jù," Olódùùrù pariwo. "Ẹ súnmọ́ wa."

Ó súnmọ́ wọn dé àárín gbọ̀ngàn.

"Kò tíì ṣí. Ẹ ṣì máa bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bọ̀ títí ó fi dé ìjókòó iwájú. Láti àárín gbọ̀ngàn ni ojú ewé ti ń ṣí, ṣùgbọ́n Olódùùrù nìkan ló kọjú sí kọ̀ǹpútà, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó sọ ọ́.

"Báwo ni màá ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí n ṣí i?" Oníkọ̀ǹpútà béèrè. "Èmi ò mọ orin kà."

"Ẹ ṣáà máa wò mí."

Iṣẹ́ tó ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó sì ṣàkíyèsí pé bí orin bá ti fẹ́ kan ìsàlẹ̀ ojú ewé, èjìká òsì ọmọbìnrin náà á gbéra díẹ̀, bí ẹyẹ tó fẹ́ fò tó tún jókòó. Bí èjìká bá ti gbéra, òun á tẹ fóònù. Kò ṣì í.

Bí wọ́n ṣe ń pàdé fún ìdánrawò, ìdánrawò ń gùn sí i. Wọ́n á tẹ orin tán, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn pèpéle, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ tí kò kan dùùrù. Ẹnì kan kò mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn.

"Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá," Olódùùrù á ní, "ta ló lọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí fún ọ?"

"Èmi ni, ọkàn mi."

"Ìyàwó rẹ á mà sinmi o."

"Ṣé wàá sinmi?"

Á wojú òkè, á rẹ́rìn-ín, á ní òun kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n Màmá Aṣíwèé kò rẹ́rìn-ín. Ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù ti di ibi tí wọ́n ń gbé àpò lé. Nílé, àkẹtẹ̀ oníìyẹ́ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń gba eruku. Nígbà tí Oníkọ̀ǹpútà wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ pẹ́.

"Dìde. Àtàǹpàkò rẹ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, àbí?"

"Mà, mi ò gba iṣẹ́ yín."

"O gba ìjókòó mi, o tún wá gba ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi sílẹ̀ fún mi? Fáànù? Èmi ò gbà. Ẹ̀rọ lè ṣí ìwé, ẹ̀rọ ò lè mọ orin."

Olódùùrù bá a jáde dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi màámi sílẹ̀ nínú ìbínú lọ ilé ọkọ. Bí kò bá gbà, a ò ní ṣe é."

"Mo mọ̀," ni Oníkọ̀ǹpútà wí. Ó dé fìlà, ó gbàgbé láti wo ara rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀ tó wà níta.

Ọjọ́ àṣeyẹ orin ilé-ẹ̀kọ́ dé, gbọ̀ngàn kún. Oníkọ̀ǹpútà jókòó sí iwájú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Àkẹtẹ̀ oníìyẹ́ bá a níbẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ẹ káalẹ́, Mà."

"Mo wá wo bó ṣe máa bàjẹ́ ni."

Orin bẹ̀rẹ̀. Èjìká gbéra, ó tẹ fóònù. Ó rí i ní igun ojú pé ìka Màmá gbéra lórí báàgì rẹ̀, ó sì balẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú tòun. Èjìká tún gbéra, ìka méjèèjì tún balẹ̀. Àṣà ni, ó rò nínú ara rẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í gbàgbé.

Nínú orin kejì, okùn aṣọ Olódùùrù yọ̀ ní èjìká òsì. Ó gbé èjìká láti dá a padà. Oníkọ̀ǹpútà tẹ fóònù. Ìka Màmá balẹ̀ lórí báàgì.

Orin kò tíì dé àárín ojú ewé.

Olódùùrù ṣe bí ẹni pé kò rí nǹkan kan, ó tẹ ìlà méjì tó ti kọ́ sórí. Oníkọ̀ǹpútà yára dá ojú ewé padà. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ó bá ojú Màmá pàdé. Ẹni tó mọ orin kì í ṣi irú èyí. Ó rántí ojú ewé tó dorí kodò. Màmá náà rí i pé ó rántí. Ó di báàgì mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà níwájú gbogbo èrò yẹn.

Bí Oníkọ̀ǹpútà bá fẹ́, gbólóhùn kan péré ló kù kí àṣírí Màmá tú.

Orin kejì parí. Láàárín ariwo àtẹ́wọ́, ó na fóònù sí i. "Mà, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ẹ rí i bí mo ṣe ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Màmá wo fóònù, ó wò ó. "Níbo ni wọ́n ń tẹ̀?"

"Ibí yìí. Ẹ kàn fi ìka kàn án, èékánná ò ní dé e."

Màmá ṣí ìwé títí àṣeyẹ fi parí. Kò ṣi ọ̀kan. Nígbà tí èrò pàtẹ́wọ́ ìkẹyìn, ó dìde láàárín wọn, ó tẹríba lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá dé ṣọ́ọ̀bù oríta pẹ̀lú fóònù tuntun nínú páálí.

"Ṣé ìwọ nìkan lo wà níbí?"

"Èmi nìkan ni, Mà."

"Ọ̀rọ̀ àná yẹn. Ta lo ti sọ fún?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èmi àti ẹ̀yin jọ fi okùn aṣọ ṣí ìwé? Ìtìjú tèmi ńkọ́?"

Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Ó fa àga, ó jókòó. "Bàbá ọmọ mi ló mọ orin. Òun ló ń bá a ṣí i. Nígbà tó kú, ọmọ yìí kọ̀, kò jókòó sídìí dùùrù mọ́, ó ní ìjókòó ọ̀tún ṣófo. Mo bá jókòó síbẹ̀. Mo ní màá kọ́ orin tó bá yá. Àwọn ènìyàn wá ń yìn mí pé mo mọ̀ ọ́n, oyè náà dùn lẹ́nu, mi ò lè tu ú dànù mọ́." Ó ti páálí síwájú. "So èyí mọ́ kọ̀ǹpútà wọn fún mi. Kí o sì sọ fún àwọn òbí rẹ pé kí wọ́n wá bá mi lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹni tó lè pa ẹnu mọ́, ó lè gbé ọmọ ènìyàn nílé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n wà ní gbọ̀ngàn. Màmá jókòó síwájú, ó ń fi fóònù tuntun ṣí ojú ewé lọ, ó ń ṣí i bọ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà bọ́ láti ìkókó. Olódùùrù fa ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sẹ́yìn dùùrù, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Kí lo ṣe fún màámi tó fi gbà?"

"Mo bá a so fóònù ni."

"Fóònù nìkan?"

"Kí ni ìbá tún jẹ́?"

Olódùùrù wò ó títí. "O ti mọ̀. O mọ̀ pé màámi kò mọ àmì orin kà."

Oníkọ̀ǹpútà wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. "Èmi? Èmi tí mi ò mọ orin, báwo ni màá ṣe mọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?"

Olódùùrù rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú. "O ò lè purọ́, olówó orí mi, má dán an wò mọ́. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀ lórí àga yìí. Kí lo rò pé mo ń gbé èjìká fún? Ta ló ń fi èjìká tẹ dùùrù?"

Oníkọ̀ǹpútà súnmọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A ò ní sọ fún un," ó ní.

"A ò ní sọ fún un."

"Kódà bí a bá darúgbó."

"Kódà bí òun bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa lórin."

"Kí lẹ ń sọ níbẹ̀ yẹn?" Màmá pè láti ìjókòó iwájú.

"Ọ̀rọ̀ orin ni, Màámi."

"Ọ̀rọ̀ orin, ẹ sì fi èmi sílẹ̀ níbí?"

Wọ́n jáde wá bá a, wọ́n jókòó tì í, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì ní kó la orin náà yé àwọn. Ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ tí tọkọtaya náà jọ jẹ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n wá jẹ́ lẹ́yìn náà níwájú èrò lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n kàn fi í tẹ́ èrò lọ́rùn ni.