Òjìji Pákó Tí Wọ́n Ti Tú

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí ó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe elẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá bi í bí ó ti jí, "Dáadáa" ni, ó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í nígbà tó ń sọ ọ́. Kò já a nírọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é, nítorí bàtà rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń wọ̀ bó bá fẹ́ wọ inú omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú àwọn àlejò lọ sábẹ́ èbúté onípákó kan, kí wọ́n lè wo ẹja. Omi ibẹ̀ kò jìn. Bí ẹnì kan bá dúró lórí iyanrìn ìsàlẹ̀, tí ẹlòmíràn gun èjìká rẹ̀, orí ẹni tó wà lókè á yọ síta. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pẹ́ níbẹ̀, nítorí wọ́n á pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ, wọ́n á sì máa fi ẹnu fa èémí láti inú rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá. Ìdí iṣẹ́ yìí ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun, àti ìyá wọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́.

Ó ti rẹ Pẹ́pẹ́yẹ. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Etí ń hó o, èjìká ń dùn ún. Tílẹ̀ bá ṣú, òun ló ń yí ìyá wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Tílẹ̀ bá mọ́, omi.

"Iṣẹ́ kì í pani," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí.

"Ẹ ṣeun. Ẹ wá bá mi pọn àgbá."

Nígbà tó yá, pákó èbúté náà jẹrà. Bàbá káfíńtà kan dé, ó tú gbogbo rẹ̀, ó tò ó jọ sétí omi. Àwọn òpó nìkan ló kù nínú òkun, wọ́n dúró ségesège bí eyín arúgbó. Àlejò kò wá mọ́. Bàbá náà wá bẹ Pẹ́pẹ́yẹ pé kó bá òun wo ìsàlẹ̀ àwọn òpó, kí òun lè mọ èyí tí kòkòrò ti jẹ.

Ọ̀sán gangan ni. Bàbá náà àti ẹ̀gbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sínú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n so mọ́ òpó.

"Fi òòlù kàn án," ni bàbá wí. "Bó bá dún gbì, ó ti bàjẹ́."

Pẹ́pẹ́yẹ sọ̀kalẹ̀. Ariwo ayé dákẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi èémí ara rẹ̀, hùù, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó lọ sókè. Ó kan òpó kìíní. Kó. Ó kan èkejì. Kó.

Ìgbà yẹn ló rí i pé iyanrìn ti dúdú.

Ó rò pé ìkúukùu ló bo oòrùn. Ṣùgbọ́n dúdú náà ní ìlà. Dúdú fífẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín, dúdú fífẹ̀. Òjìji pákó ni. Ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ pẹ́, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Ó gbójú sókè. Kò sí pákó. Oòrùn ń dán lójú omi, ìdí ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó yọrí síta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti ń dá pákó padà ni?"

"Pákó wo? Gbogbo rẹ̀ ló wà létí omi lọ́hùn-ún. Kí ló dé?"

Ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kò sí," ni ó wí. Iṣẹ́ ò tíì tán. Ó padà sísàlẹ̀.

Òjìji náà ṣì wà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì. Lórí pákó tí kò sí. Ẹsẹ̀ náà pọ̀, kò sì yára. Òjìji àwọn èèyàn wá ń yọ lórí iyanrìn, wọ́n tò sí etí èbúté. Àwọn kan káwọ́ lérí. Méjì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa nǹkan gígùn kan láti inú omi, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ nǹkan náà fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Ó ní ẹ̀rù kò ba òun. Ohun tó ń já òun láyà títí dòní nìyẹn. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni tó dùbúlẹ̀ yẹn ti sinmi. Ó rọra tẹ́ ara rẹ̀ sórí iyanrìn, nínú òjìji náà. Ó bá a mu láti orí dé ẹsẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n wọn ara rẹ̀ rán. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́. Èjìká kò dùn ún mọ́. Ó pa ojú dé.

Gbàgà! Gbàgà! Gbàgà!

Ó lajú. Ìyẹn kì í ṣe ẹsẹ̀. Igi ń lu igi. Ó fẹsẹ̀ ti iyanrìn, ó yọ síta, ó ń wúkọ́ tìpà-tìjàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di àjẹ̀ mú, ó ń fi lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, omijé ti bò ó lójú.

"Omi ò hó mọ́!" ó ń pariwo. "Mo wò, mo wò, omi ò hó mọ́! Kí lò ń ṣe nísàlẹ̀ yẹn?"

"Mo sinmi díẹ̀ ni."

Bàbá káfíńtà wo ojú rẹ̀. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ òpó mọ́. Ó tú okùn ọkọ̀, ó wà á lọ sétí omi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń yí ìyá wọn lóru. Ó ní kí Pẹ́pẹ́yẹ fi omi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bọ́ wọn? Bàbá káfíńtà fi pákó tuntun tún èbúté náà kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pákó tó nípọn, tó sún mọ́ra. Àwọn àlejò padà dé. Pẹ́pẹ́yẹ náà padà sábẹ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ló mú obìnrin kan lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa omi kúrò lára irun rẹ̀.

"Ibẹ̀ mà mọ́lẹ̀ o! Iyanrìn ń tàn yòò. Mo ti rò pé òkùnkùn ni màá bá lábẹ́ gbogbo pákó yìí. Òjìji rẹ̀ dà?"

Pẹ́pẹ́yẹ sọ àgbá kalẹ̀. Ó wo pákó tí wọ́n dúró lé, ó wo omi.

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń bá a láti ìgbà tí wọ́n ti tún un kàn," ni ó wí.