Ọ̀pá Rọ́bà Tó Ń Ta Wọ́n Lọ́wọ́

Bí wọ́n ṣe dé ìsàlẹ̀ ihò èédú láàárọ̀ ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ pa ọ̀pá rọ́bà tó ń fa eruku jáde, ó sì fi ìka kan etí àbúrò ọ̀gá. Iná ta á létí pàrà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀pá náà ti dé, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn káàárọ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá ló gbé e wọlé. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún inú ihò ti ya, tuntun kò tètè dé, ó bá fi ọ̀pá omi lásán rọ́pò rẹ̀ ní ojúṣẹ́ méjèèjì tó wà nínú ihò náà.

“Bọ̀dá mi, ọ̀pá yìí ń ta wá jù,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Ẹ jẹ́ ká dúró de èyí tó tọ́.”

“Rọ́bà mà ni. Ta ló gbọ́ pé rọ́bà ń gbé iná?”

Àbúrò padà sídìí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà, kì í bá a jiyàn.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ fi sípánà de òrùka irin tó so ọ̀pá náà pọ̀. Iná ta pàrà, kò ju ti àárọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gáàsì ti ń rọra jáde lára èédú, ló bá gbiná mọ́ ọn lójú.

Ní ọsibítù, olùyẹ̀wò ètò ààbò ihò náà ṣàlàyé fún ọ̀gá.

“Rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá lọ sínú ilẹ̀, ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Bí eruku ṣe ń ha á, iná ń kó jọ sí i lára. Tí irin tàbí èèyàn bá sún mọ́ ọn, á ta. Ọ̀pá tó tọ́ máa ń jẹ́ kí iná yẹn wọlẹ̀, wáyà sì gbọ́dọ̀ so òrùka irin rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Nígbà tó ń ta yín, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?”

Ọ̀gá yíjú sí ibùsùn àbúrò rẹ̀. Ojú méjèèjì àbúrò rẹ̀ ti fọ́. Àánú rẹ̀ ṣeni, kò tilẹ̀ bínú.

“Bọ̀dá mi,” ló wí lábẹ́ báńdéèjì, “ṣé wọ́n ti yọ èyí tó wà ní ojúṣẹ́ kejì?”

Wọn ò tíì yọ ọ́. Àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá sáré jáde.

Wọ́n yọ ọ̀pá náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì yọ ọ̀gá nípò. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí gáàsì tàbí eruku èédú wà, bí rọ́bà bá ta ọ́ lọ́wọ́, má fi ṣeré. Dá iṣẹ́ dúró, kí o sọ ọ́ fún àwọn olùyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ọ̀gá.