Sálúbàtà Kìtán Kò Dúdú

Ohun tó kọ́kọ́ kó mi láyà sókè ni pé sálúbàtà náà ṣì ń rùn bí awọ tuntun.

Èmi ni mo rán an. Awọ tí a kò pa láró ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Bí irú awọ bẹ́ẹ̀ bá kúrò lọ́wọ́ mi, ó máa ń funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ. Oòrùn, òógùn àti ọ̀rá ara ẹni tó ń lò ó ni yóò máa sọ ọ́ di pupa díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa dán. Kò ní pẹ́ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò fi tẹ àmì sínú rẹ̀.

Kìtán, àfẹ́sọ́nà àbúrò mi Ọmọ́táyọ̀, fi tirẹ̀ rìn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò kan. Ọ̀dà ilé ló ń kùn jẹun, inú oòrùn ló ń wà láti àárọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ yẹn, funfun náà ló ṣì wà. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Kò sí àmì ìka kankan, ó sì tutù bí ìdí àmù.

"Táyọ̀, ṣé ọkùnrin yìí máa ń làágùn?"

Ó wo ilẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Táyọ̀ ti lóyún fún Kìtán nígbà náà, ìgbéyàwó sì ti sún mọ́lé. Kìtán ní gbogbo ará ilé òun ní Oǹdó ti kú tán. Èmi ò gbà. Ta ló ń fi ọmọ fọ́kọ láìwádìí ilé ọkọ? Òbí wa ò sí mọ́, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, mo ń fi àwòrán rẹ̀ inú fóònù mi han àwọn àgbàlagbà. Bàbá kan wò ó, ó dá fóònù padà fún mi wàràwàrà, ó sì nawọ́ sí ilé kan.

Obìnrin tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ó wo àwòrán náà pẹ́.

"Ọmọ mi rèé. Ẹ̀yìn ilé yìí la sin ín sí, ó ti lé lọ́dún márùn-ún." Ó fi àtàǹpàkò nu ojú àwòrán náà jẹ́jẹ́. "Ṣé ó ń jẹun?"

Orí mi wú. Mo ní ó ń jẹun.

"Mú mi lọ bá a."

Àkúdàáyà kì í dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó kú. Ọmọdé gan-an mọ ìyẹn. Ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn, kó máa lọ, kó fi àbúrò mi sílẹ̀ fún alààyè. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo mú ìyá náà wá sí Àkúrẹ́.

Láti ojúde la ti ń gbọ́ ẹ̀rín Kìtán nínú yàrá. Ìyá náà ò lè mú un mọ́ra títí a ó fi kan ilẹ̀kùn.

"Kìtán!"

Ẹ̀rín náà dá.

Nígbà tí a wọlé, ooru ṣì ń jáde lára ọbẹ̀, òkèlè kan wà létí àwo. Wọ́n ti fèrèsé pa. Ìyá náà tẹ̀ ba, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rọra ń pe orúkọ náà bí ẹni tó ń wá ọmọ kékeré.

Táyọ̀ jókòó sílẹ̀, ó di ikùn rẹ̀ mú. Kò sunkún.

"Oṣù tí a pàdé ló ti sọ fún mi, Àǹtí mi. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí, pé kí n má jẹ́ kí ìyá òun gbọ́."

Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Oǹdó ló kú sí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin lẹ pa á ní Àkúrẹ́."