Kí Kẹ̀kẹ́ Irin Tó Dúró

Ẹ̀rọ ìlagi ń ké lẹ́yìnkùlé, kò jẹ́ kí ọmọbìnrin onígi gbọ́ ohun tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ọmọṣẹ́ télọ̀ lọmọkùnrin náà. Nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ku oṣù méjì péré kó parí iṣẹ́ tó ń kọ́.

Bàbá ọmọbìnrin náà ti gbé igi lọ fún oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún un? Ẹ́ńjìnnì á yí kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì títí agbára á fi kún inú wọn. Téèyàn bá tẹ ìdìmú méjèèjì pọ̀, irin gbọọrọ kan á ta jáde, á gbá igi mọ́ abẹ, igi á là kójú tó ṣẹ́. Torí kí ọwọ́ méjèèjì lè jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ ni ìdìmú fi jẹ́ méjì. Bàbá tún fi ọ̀dà funfun sàmì sára kẹ̀kẹ́ kan: bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ ti kú, àfi kí àmì náà dúró sójú kan kí ọwọ́ tó wọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ń kánjú. Kíṣẹ́ lè tètè tán, ọmọbìnrin náà ti fi rọ́bà so ìdìmú kan mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń so irin mọ́lẹ̀ báyìí, bóyá ọkọ ló máa so tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, igi oníkókó kan há mọ́ abẹ. Ọmọbìnrin náà pa ẹ́ńjìnnì. Ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́.

“Aṣọ tí mo máa kọ́kọ́ rán tí mo bá dá dúró,” ni Abẹ́rẹ́ wí, “tìẹ ni.”

Ọkàn ọmọbìnrin náà yọ́ bí òrí inú oòrùn. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ láti bá a fa igi náà. Ọmọbìnrin náà wo kẹ̀kẹ́: kò rí àmì funfun kankan, àmì náà ti di àwọ̀ eérú tó ń yí bìrí, kẹ̀kẹ́ kò tíì dúró. Ó yẹ kó ní kí Abẹ́rẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn, kò fẹ́ já a. Ó sún mọ́ ọn, ìgúnpá rẹ̀ sì tẹ ìdìmú kejì.

Kò tíì gbọ́ igbe tí ẹ̀jẹ̀ fi bo igi.

Dókítà kò lè gba ìka mẹ́ta là lọ́wọ́ ọ̀tún Abẹ́rẹ́. Nígbà tí bàbá dé ilé ìwòsàn, tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Abẹ́rẹ́ ló sáré dáhùn. Ó ní òun lòún ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ náà, pé ọmọ wọn ò mọ nǹkan kan.

“Irọ́ ni, Bàbá,” ni ọmọbìnrin náà wí, omi ń dà lójú rẹ̀. “Mo so ìdìmú kan. Mo sì rí i pé kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí.”

Abẹ́rẹ́ yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

“O rí i?”

Abẹ́rẹ́ kọjú sí ògiri, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irin tó dákẹ́ kọ́ ni irin tó dúró. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn ẹnì kejì rẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ kó lè sọ fún un pé “dúró,” bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dùn tó.